Ìpè Tí A Kì Í Gbé

Ọkọ mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Ẹnjiníà. Ní Abẹ́òkúta tí a ti wá, ẹni tó bá ti lè tú rédíò palẹ̀ ti di Ẹnjiníà, ìbáà lè tò ó padà, ìbáà má lè tò ó. Òun lọ sí yunifásítì, ó gba ìwé ẹ̀rí tó gbé oyè náà lé e lórí, síbẹ̀ bí ènìyàn bá fi oyè yẹn kí i, á bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní èbúté Hamburg, orúkọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà láyà rẹ̀. Odidi ọdún kan ló fi wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bá a ṣe tirẹ̀. Ó ní orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà kò wúwo lọ́rùn òun.

Èmi ni mo fẹ́ràn oyè. Mo kẹ́kọ̀ọ́ eré ìtàgé, mo gba oyè àkọ́kọ́, mo gba èkejì, mo sì kó méjèèjì wá sí Berlin láti máa fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ní ajá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Schöneberg ló gbà mí. Orí fóònù ni àwọn oníbàárà ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn mú ajá wọn rìn. Bí ẹni náà bá pẹ́ dé, tàbí bí ajá bá padà wálé tí inú rẹ̀ kò dùn, èmi ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ọkọ mi sọ mí ní Ọ̀mọ̀wé Ajá. Bí mo bá bínú, á ní kí n kọ̀wé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ara mi.

Hellersdorf ní Berlin là ń gbé, ní àjà kẹfà, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tó jọra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣi ilé wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù àkọ́kọ́. Ọkọ mi a máa jáde ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé lọ sí Hamburg, a máa sun yàrá kan tó háyà níbẹ̀, a sì máa padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bó bá ti wọ lífìtì ilé wa báyìí, á dákẹ́, á tẹ́tí sí i bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ìyá àgbà kan wà ní àjà karùn-ún tí kò dáhùn ìkíni wa fún ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan ọkọ mi sọ fún un pé kó má wọ lífìtì lọ́la. Ìyá náà wọ̀ ọ́, lífìtì sì há sáàárín àjà kẹta àti ìkẹrin fún wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa, pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀, bíi pé ọkọ mi ló ní lífìtì náà.

Ní àárọ̀ Sátidé, òun ló ń di irun ọmọ wa obìnrin. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ní irun mẹ́ta tí a lọ́ mọ́ra kò yàtọ̀ sí okùn irin tí òun ń yẹ̀ wò láti Ajé dé Ẹtì, pé okùn irin kì í tiẹ̀ ké. Bó bá parí, á fa ìdì kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó lè gbé ẹrù. Ọmọ náà lọ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé pé irun òun lè gbé kọ̀ńténà.

Kíréènì ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tí ń gbé kọ̀ńténà kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ń gùn wọ́n, ó ń wo okùn àti bírékì wọn, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ, kò dẹ́rù bà mí. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó wá mú èmi àti ọmọ lọ sí Hamburg lọ́jọ́ kan, ó kó wa wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gba iwájú èbúté kọjá, ó sì nàka sókè. Mo wòkè, mo wòkè, ọrùn dùn mí kí n tó rí ibi tó ń nà sí. Àtẹ̀gùn kan rọ̀ mọ́ ìta ẹsẹ̀ kíréènì náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà pẹ́ńsù. Nǹkan pupa kan ń rìn lórí rẹ̀. Mo bi í léèrè kí ni nǹkan pupa yẹn.

Ó ní, “Èèyàn ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ni.”

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọlé tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ní Hamburg lórí fóònù kí n tó fọ ẹnu. Òjò a máa pa mí ní Berlin láìsí agbòjò, nítorí mi ò mọ ojú ọjọ́ Berlin, ti Hamburg ni mo mọ̀. Mo bẹ ọkọ mi títí kó wá iṣẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe. Mo ní ṣé gbogbo iṣẹ́ tó wà ní ilẹ̀ Jámánì ló wà lójú ọ̀run ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ṣe ìlérí fíláàṣì fún mi.

Ẹni tó bá lọ sí yunifásítì nílé ní ìgbà tiwa kò nílò àlàyé. Owó káàdì wọ́n, nítorí náà wàá pe ènìyàn, fóònù rẹ̀ á dún lẹ́ẹ̀kan, wàá sì gé e. Ẹni náà á rí i, á mọ̀ pé o ti dé, tàbí pé oúnjẹ ti jinná. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: a kì í gbé e. Ẹni tó bá gbé fíláàṣì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jẹ owó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odidi sáà kan nítorí rẹ̀.

Ní Jámánì, ẹni tó bá ti san owó oṣù lè sọ̀rọ̀ títí etí rẹ̀ á fi gbóná. Fíláàṣì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, àfi àwa méjì. Ó ní, “Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, màá fíláàṣì rẹ. Ìwọ má gbé e o. Tí o bá gbé e, á di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á di ìjà, ìjà á jẹ àkókò oúnjẹ mi.”

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Fóònù mi nígbà náà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ó sì ní àṣà kan: bí ènìyàn bá pè tí o kò gbé e, á kọ iye ìgbà tó dún sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí àyà mi bá ń já, mo máa ń ṣí i, màá sì máa fi ìka fà á sókè. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìwé tí mo kà ní yunifásítì tó fún mi nírú ìtura bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro mi ni pé aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ìpàdé òwúrọ̀. Ọ̀gá wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń wọ sílípáàsì wá sí ibi iṣẹ́, sọ pé ẹbí ni gbogbo wa. Ẹbí á dúró yípo, oníkálùkù á sì sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan á ní ọkàn òun dà bí ìkùukùu. Òmíràn ní tòun dà bí búrẹ́dì tí wọn kò tíì yan. Èmi a máa ní dáadáa ni, ọ̀gá á sì wò mí bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹbí. Ohun tí mò ń ṣe gan-an ni pé mo ń fi itan mi gbọ́ fóònù inú àpò síkẹ́ẹ̀tì mi. Bó bá ti gbọ̀n, mo ti rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rò pé ìpàdé òun ló ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì, atẹ́gùn Hamburg burú. Mo ti rí i lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo kọ̀wé sí ọkọ mi pé kó má gùn ún lónìí, ó dáhùn pé, “Ọ̀mọ̀wé, lọ bójú tó ajá.” Mo dúró nínú agbo ẹbí. Ó ku ẹnì kan kó kàn mí nígbà tí fóònù gbọ̀n. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kó dákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Mo sọ fún wọn pé dáadáa ni. Lọ́jọ́ yẹn mo tilẹ̀ fi kún un. Mo ní dáadáa gan-an ni.

Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, nọ́ńbà Hamburg kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó dún kọjá. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì mo gbé e, obìnrin kan sì bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọ́fíìsì ilẹ̀ yìí lò á mọ̀ pé wọn kì í báni sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lásán. Ó ní wọ́n ti gbé ọkọ mi wá sí ilé ìwòsàn, ó bi mí bóyá mo lè wá, ó sì bi mí bóyá ẹnì kan wà tó lè bá mi wá. Kó tó parí ìbéèrè kejì yìí, mo ti ń wá kóòtù mi.

Mo lọ mú ọmọ wa ní ilé-ìwé, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó wo ojú mi láti Berlin títí a fi kọjá ìdajì ọ̀nà. Mo ń pe nọ́ńbà bàbá rẹ̀, ó ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ọmọ náà wá béèrè, ní èdè Jámánì tó máa ń fi dá mi lóhùn: “Ist Papa runtergefallen?” Ó ń bi mí bóyá bàbá òun já bọ́.

Mo ní rárá. Mi ò mọ̀. Mo kàn ní rárá.

Òótọ́ ni mo sì sọ. Kò já bọ́. Dókítà sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pé ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dé. Ọ̀rọ̀ dókítà náà gún régé, ó sì lọ́ra, mo sì rántí pé mò ń fi orí dá a lóhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ rere. Ọmọ wa fa ọwọ́ bàbá rẹ̀ wò lórí ibùsùn, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fa irun rẹ̀ wò.

Nígbà tí a sin ín tán ní Berlin, àwọn ènìyàn wá kí wa kú aráfẹ́rakù. Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa náà wá, ọkùnrin tó ní oyè ìbílẹ̀, oyè ìjọ, àti oyè kan tí yunifásítì orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un. Ọkọ mi a máa sọ pé bí ọkùnrin náà bá fẹ́ gun kíréènì, kó kọ́kọ́ kó oyè rẹ̀ sílẹ̀, torí ìwọ̀n ẹrù. Òun ló ní kí ọkọ mi lọ jókòó sẹ́yìn ní ìpàdé kan nítorí pé ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wá. Ó wá dìde dúró ní pálọ̀ mi, ó sì sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú nípa Ẹnjiníà wa, òpó ńlá wa. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló pe Ẹnjiníà. Mo ń kà á nítorí pé ẹni tí ì bá bá mi kà á kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó gbẹ̀yìn dé ni ọmọ Jámánì tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́, bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ti Hamburg gbé báàgì ọkọ mi wá sí Hellersdorf. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ tí mo di ẹ̀wà àti dòdò sí fún un. Bàbá náà ti bá mi fọ abọ́ náà, ó ń rùn ọṣẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ inú mi bàjẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀wà díẹ̀ ti ṣẹ́ kù síbẹ̀ tí ọwọ́ ọkọ mi ti kàn.

Bàbá náà bi mí bóyá èmi ni ìyàwó tó ń ka fóònù. Mo ní báwo. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ afẹ́fẹ́, ó na ìka kan, ó sì ṣe bí ẹni tó ń ti fóònù bọ àpò. Ó ní ní orí kíréènì lókè pátápátá ni ọkọ mi ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Òun ti sọ fún un títí pé kó di irin mú. Ọkọ mi á ní bí òun bá dúró dìgbà tí òun máa délẹ̀, ìyàwó òun á ti fi ogún ìṣẹ́jú bẹ̀rù sí i.

Mo jókòó. Gbogbo fíláàṣì tó ti fún mi ní ìsinmi fún ọdún mẹ́ta, ibi tí mò ń bẹ̀rù gan-an ló ti ń wá, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kan lára fóònù. Mo fẹ́ bá a jà lójú ẹsẹ̀.

Mo wá béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ tó kú. Bàbá náà ní rárá, wọn kò gun nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, atẹ́gùn ti pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá iṣẹ́ sí ni ó ti kú. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní àyà òun fún òun. Bàbá náà lọ pe àwọn tó ń ṣètọ́jú, ó sì lọ bu omi. Nígbà tó padà dé, ọkọ mi ti fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni.

Ìbéèrè kan ni bàbá náà fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó lọ, kò sì mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ mi rántí pé aago ti lù, kó sì fíláàṣì mi kí n má bàa máa gbọ̀n nítorí kíréènì tí kò gùn. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń pè mí. Ìpè gidi. Ìdáhùn wà nínú fóònù mi, ní abẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo gbìyànjú kí n rántí iye ìgbà tí nǹkan yẹn gbọ̀n lára itan mi kí n tó tẹ̀ ẹ́ pa, ohun tí mo sì ń rántí kò ju ohùn mi lọ, tó ń sọ pé dáadáa gan-an ni.

Mi ò ṣí i. Mo ra fóònù mìíràn, mo ju ti àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, láàárín gílóòbù iná tó ti jó. Fún ọdún kan àti oṣù mélòó kan, mi ò lè ṣí dúrọ́ọ̀ náà láìmú ẹ̀mí mi dúró. Èmi tí mò ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú ló ń lé mi kúrò nídìí sítóòfù.

Ọmọ wa pé ọdún mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí ilé-ìwé, mo sì ra fóònù fún un. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ló fíláàṣì mi láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Kó tó dún tán, mo ti gbé e. Mo ń pariwo orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú ìbínú. “Mama, du sollst nicht rangehen!” Ó ní wọn kì í gbé e, pé bàbá òun ti sọ bẹ́ẹ̀, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń gbọ́ igbe mi, wọ́n sì ń fi òun rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò sunkún. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó wọ lífìtì tó ń gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, “Dann gucken wir nach.” Ká wò ó nìyẹn. Ó dìde, ó fa dúrọ́ọ̀ náà, ó ti okùn iná bọ fóònù. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

Nígbà tí fóònù tàn, mi ò lè wò ó. Mo kọjú sí fèrèsé. Mo gbọ́ tó ń ka ti àwọn ọjọ́ ìṣáájú: einmal, einmal, einmal, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan. Ó wá kan Ọjọ́rú náà.

Ó ní, “Siebenmal.”

Ẹ̀ẹ̀méje. Mo di etí fèrèsé mú. Àjà kẹfà ni a wà, ilẹ̀ sì jìnnà.

Ọmọ náà wá bá mi nídìí fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Mama, Papa mọ̀ pé ẹ ò ní gbé e. Òun ló ní kí ẹ má gbé e.”

Ó sọ ọ́ láti tù mí nínú, ó sì tù mí nínú fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọkùnrin tó mọ̀ pé a kò ní gbé e, tó sì jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí dé méje. Bóyá ó ń retí pé màá rú òfin òun. Bóyá kò lágbára láti gé e mọ́. Bóyá ó kàn ń fẹ́ kí n kà á. Kò sí èyí tó jẹ́ kí n sùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ n kò bẹ̀rù dúrọ́ọ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọmọ náà tó jáde, ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Mo ní ṣùgbọ́n bó bá kọjá ẹ̀ẹ̀kan, màá gbé e, mi ò bìkítà ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Mo dúró ní ilé ìdáná, mo gbé fóònù sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó máa tó aago mẹ́jọ, orúkọ rẹ̀ yọ.

Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ìka mi wà lókè rẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Mo dúró síbẹ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mo ti pẹ́ fún iṣẹ́, mò ń tẹ́tí bóyá yóò dún lẹ́ẹ̀kejì.